"Bí" àti "Àfi Bí": Kíkọ́ Ìrònú Ìdánwò LSAT Lórí Ayélujára Láti Inú Èdè Yorùbá

Àkótán

LSAT ni ìdánwò tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ òfin ní Amẹ́ríkà àti Kánádà fi ń yan akẹ́kọ̀ọ́. Nínú iṣẹ́ yìí, mo ṣàlàyé ohun tí ìdánwò náà jẹ́, bí ẹ̀kọ́ orí ayélujára tó ń múra ẹni sílẹ̀ fún un ṣe ń lọ, àti bí èmi àti àbúrò mi tó wà ní Amẹ́ríkà ṣe fi Yorùbá tú àwọn ìbéèrè rẹ̀. Mo fi hàn pé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì tó máa ń da akẹ́kọ̀ọ́ láàmú níbẹ̀, "only if" àti "unless", ọ̀nà kan náà ni Yorùbá ń gbà sọ wọ́n, ìyẹn "àfi bí". Mo tún fi hàn ibi tí Yorùbá ojoojúmọ́ kò ti bá ìdánwò náà dọ́gba, pàápàá lórí "àwọn kan" àti "ọ̀pọ̀". Yorùbá tí gbogbo wa ń kọ ni mo fi kọ àwọn àpẹẹrẹ, kí ará Kétu, ará Ṣábẹ, ará Àjàṣẹ́ àti ará Atakpamé lè bá mi lọ.

1. Ìdí iṣẹ́ yìí

Ní Bẹ̀nẹ̀ àti ní Tógò, ẹni tó bá ti gba baccalauréat lè wọ ẹ̀ka òfin ní yunifásítì lọ́dún náà gan-an. Ní Amẹ́ríkà, kò rí bẹ́ẹ̀. Ènìyàn a kọ́kọ́ gba oyè yunifásítì, nínú ìmọ̀ yòówù kó jẹ́, kó tó béèrè àyè ní ilé-ẹ̀kọ́ òfin. Ọdún mẹ́ta ni yóò wá lò níbẹ̀ kó tó gba oyè tí wọ́n ń pè ní J.D. Ẹni tó ti kọ́ òfin nílé kó tó lọ lè gba ọ̀nà mìíràn, ìyẹn LL.M. ọlọ́dún kan, tí wọn kì í sábà béèrè LSAT fún. Ẹni tí kò kọ́ òfin rí, J.D. ni ọ̀nà tirẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ àbúrò mi obìnrin ṣe rí nìyẹn. Ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ló kọ́ ní Abomey-Calavi. Ó ti gba licence kí lótìrì físà Amẹ́ríkà tó mú òun àti ọkọ rẹ̀. Lóru, ó ń tọ́jú àwọn arúgbó ní ilé ìtọ́jú kan. Lọ́sàn-án, àwọn ará ilé láti Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò máa ń pè é pé kó wá ṣe ògbufọ̀ fún àwọn. Ibẹ̀ ló ti mọ̀ pé, ní kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn àjèjì, ẹni tí ìjọba fẹ́ dá padà sílé lẹ́tọ̀ọ́ láti gba lọ́yà, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ni yóò wá owó lọ́yà náà. Ìjọba kì í san án fún un. Àbúrò mi rí àwọn tó dá dúró níwájú adájọ́ láìsí ẹni tó lè gba ọ̀rọ̀ sọ fún wọn. Nítorí èyí ló ṣe ní òun fẹ́ di lọ́yà.

Nígbà tó forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ ìmúrasílẹ̀ lórí ayélujára, ó pè mí. Ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe pé n kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ o. Mo mọ gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Bí wọ́n ṣe so wọ́n pọ̀ ni kò yé mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó." Níwọ̀n bó ti jẹ́ pé bí gbólóhùn ṣe ń so pọ̀ ni iṣẹ́ mi, èmi náà forúkọ sílẹ̀. Oṣù mẹ́jọ la fi jọ kọ́ ọ, ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, láago mẹ́sàn-án ní Àjàṣẹ́, nígbà tó jẹ́ aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ lọ́dọ̀ tirẹ̀, tàbí aago mẹ́ta bí ìgbà òtútù bá dé.

2. Ohun tí LSAT jẹ́

Law School Admission Council, tí a mọ̀ sí LSAC, ló ń ṣe ìdánwò náà. Ọdún 1948 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é. Máàkì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 120, ó sì parí sí 180. Kì í béèrè ìmọ̀ òfin kankan. Ohun tó ń wò ni bí ènìyàn ṣe lè ka ọ̀rọ̀, kó mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà sọ, ohun tí kò sọ, àti ohun tó tẹ̀lé e láìsí àníàní.

Láti oṣù Kẹjọ ọdún 2024, ìpín mẹ́rin ló ní, ìṣẹ́jú 35 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìsinmi ìṣẹ́jú 10 lẹ́yìn ìpín kejì. Ìpín méjì jẹ́ ti ìrònú, ọ̀kan jẹ́ ti ìwé kíkà. Ìpín tó kù lè jẹ́ ọ̀kan nínú irú méjèèjì yìí; ńṣe ni LSAC fi ń dán ìbéèrè tuntun wò, kò sì sí máàkì fún un. Ẹni tó ń ṣe ìdánwò kò mọ èwo ni, nítorí náà gbogbo rẹ̀ ni yóò ṣe tọkàntọkàn. Àròkọ kan tún wà lọ́tọ̀ tí wọn kì í fún ní máàkì, ṣùgbọ́n tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ lè kà.

Kí oṣù Kẹjọ 2024 tó dé, ìpín kan wà tí wọ́n ń pè ní "Logic Games", níbi tí a ti ń to ènìyàn tàbí nǹkan sí ipò wọn, tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ sì ń ya àwòrán kí wọ́n tó lè dáhùn. Ọkùnrin afọ́jú kan pe LSAC lẹ́jọ́ nítorí rẹ̀, wọ́n yanjú ẹjọ́ náà ní 2019, wọ́n sì yọ ìpín náà kúrò lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Ẹni tó bá ra ìwé LSAT àtijọ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn yóò ṣì bá a níbẹ̀. Kó fò ó, kò wúlò mọ́.

Ìpín ìrònú kan máa ń ní nǹkan bí ìbéèrè 25. Bí a bá pín ìṣẹ́jú 35 sí i, ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú-àáyá 24 ló kan ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Ìdáhùn márùn-ún ló wà lábẹ́ ìbéèrè, ọ̀kan ṣoṣo ló tọ̀nà. Wọn kì í yọ máàkì fún ìdáhùn tó kùnà, nítorí náà kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ìbéèrè kankan sílẹ̀ lófo. Ẹ̀ẹ̀márùn-ún ni a lè ṣe ìdánwò náà láàárín ọdún márùn-ún, ẹ̀ẹ̀méje sì ni ní gbogbo ayé ẹni.

Ìdí pàtàkì kan wà tí LSAT fi wúwo fún ẹni tó ti ọ̀dọ̀ wa lọ. Ilé-ẹ̀kọ́ òfin a máa wo ohun méjì ní pàtàkì: máàkì yunifásítì àti LSAT. Ṣùgbọ́n LSAC kì í yí máàkì yunifásítì ilẹ̀ òkèèrè padà sí nọ́ńbà ti Amẹ́ríkà. Ó kàn ń fi ọ̀rọ̀ sọ bóyá iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ náà dára ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ tàbí kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó gba 14 nínú 20 níhìn-ín mọ iṣẹ́ tó ṣe kó tó gbà á. Ẹni tó ń ka ìwé rẹ̀ lọ́hùn-ún lè má mọ̀. Nítorí náà, LSAT ni nọ́ńbà kan ṣoṣo tí wọn yóò fi gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn yòókù, òun náà ló sì sábà máa ń pinnu ẹni tí wọn yóò dín owó ilé-ẹ̀kọ́ kù fún.

3. Bí ẹ̀kọ́ orí ayélujára náà ṣe ń lọ

Ẹ̀kọ́ tí a forúkọ sílẹ̀ fún kò yàtọ̀ púpọ̀ sí àwọn yòókù tó wà lọ́jà. Oṣooṣù la ń sanwó. Ohun mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Èkíní ni fídíò kúkúrú tó ń ṣàlàyé irú ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Èkejì ni ìbéèrè láti inú àwọn ìdánwò tí LSAC ti lò kọjá. Ẹ̀kẹta ni àkọsílẹ̀ tó ń fi hàn wá irú ìbéèrè tí a ń kùnà jù àti àkókò tí a lò lórí rẹ̀.

Ohun tó wúlò fún wa jù lọ kò sí nínú fídíò. Òun ni àtúnyẹ̀wò láìtíì rí ìdáhùn. Ènìyàn á kọ́kọ́ ṣe ìpín kan láàárín ìṣẹ́jú 35, á fàmì sí ìbéèrè tí kò dá a lójú. Lẹ́yìn náà, kó tó wo ìdáhùn, á padà sí àwọn tó fàmì sí, láìka aago, á sì kọ ìdí tí ọ̀kan fi tọ̀nà àti ìdí tí mẹ́rin yòókù fi kùnà. Bí ìdáhùn kejì bá dára ju ti àkọ́kọ́ lọ fíìfíì, a jẹ́ pé àkókò ni ìṣòro. Bí méjèèjì bá kùnà bákan náà, a jẹ́ pé òye ni ìṣòro, kíkánjú kò sì lè wò ó sàn.

Àyẹ̀wò yìí ló fi hàn wá pé ti àbúrò mi kì í ṣe ọ̀rọ̀ àkókò. Ìbéèrè tó ní "if", "only if" àti "unless" nínú ló pọ̀ jù nínú àwọn tó kùnà lẹ́ẹ̀mejì. Látìgbà yẹn, a fi òfin kan lélẹ̀: nígbà àtúnyẹ̀wò, Yorùbá la ó fi kọ àlàyé.

4. "Bí" àti "àfi bí"

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó rọrùn.

(1) Bí òjò bá rọ̀ lóru, ilẹ̀ á tutù.

Ohun tó tẹ̀lé (1) ni pé bí ilẹ̀ kò bá tutù, òjò kò rọ̀ lóru. Ohun tí kò tẹ̀lé e ni pé bí ilẹ̀ bá tutù, òjò ló rọ̀. Ẹnìkan lè ti da omi sílẹ̀. Òjò tó láti mú ilẹ̀ tutù, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan ló lè ṣe é. A pe irú ohun bẹ́ẹ̀ ní "ohun tó tó".

Ẹ wá wo gareji Kétu:

(2) Ọkọ̀ náà kò ní gbéra àfi bí èrò bá kún.

Ohun tó tẹ̀lé (2) ni pé bí a bá rí ọkọ̀ náà lójú ọ̀nà, èrò ti kún inú rẹ̀. Kò sọ pé bí èrò bá ti kún, ọkọ̀ á gbéra. Èrò lè kún, kí awakọ̀ ṣì máa jẹun lọ́wọ́, tàbí kí táyà jò. Kíkún èrò pọn dandan, ṣùgbọ́n kò tó. A pe irú ohun bẹ́ẹ̀ ní "ohun tí kò gbọdọ̀ ṣàìsí".

Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀nà méjì tí kò jọra láti sọ (2). Ó lè lo "only if" pẹ̀lú gbólóhùn tí kò ní "kò" nínú, bí ìgbà tí a sọ pé ọkọ̀ náà ń gbéra kìkì bí èrò bá kún. Ó sì lè lo "unless" pẹ̀lú gbólóhùn tó ní "kò". Nínú "only if", "if" wà níbẹ̀, ojú sì ń tàn ẹni láti rò pé ohun tó tẹ̀lé e jẹ́ ohun tó tó, bíi ti òjò inú (1). Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú Yorùbá, ẹ̀tàn yẹn kò ráyè wọlé, nítorí pé "bí" nìkan àti "àfi bí" kì í dún bákan náà létí ẹnikẹ́ni. Ọmọ ọdún márùn-ún tí ìyá rẹ̀ sọ fún pé "O ò ní jáde àfi bí o bá jẹun tán" mọ̀ pé jíjẹun pọn dandan. Nítorí náà, ìgbàkígbà tí àbúrò mi bá rí "only if", á sọ ọ́ di "kò… àfi bí".

Ẹni tó bá ń gba inú Faransé kọjá ní láti ṣọ́ra. Gbólóhùn "ne part que si" dára, ó sún mọ́ "àfi" tiwa. Ṣùgbọ́n nínú "à moins qu'il ne soit plein", "ne" yẹn kì í ṣe "kò". Ẹni tó bá túmọ̀ rẹ̀ sí "kò" á yí ọ̀rọ̀ náà sódì.

Ẹ̀dà kẹta ni èyí tí "unless" bá tẹ̀lé gbólóhùn tí kò ní "kò":

(3) Ìgbìmọ̀ yóò ta ilẹ̀ náà àfi bí ẹbí bá sanwó.

Ohun tí ìdánwò náà gbà láti inú (3) ni pé bí ẹbí kò bá sanwó, ìgbìmọ̀ yóò ta ilẹ̀. Bákan náà, bí wọn kò bá tà á, ẹbí ti sanwó. Bí ẹbí bá sanwó ńkọ́? Lójú ẹbí tó ń sanwó, ó dájú pé wọn kò ní tà á mọ́. Lójú ìdánwò, (3) kò ṣe ìlérí kankan. Níhìn-ín ni mo ti sọ fún àbúrò mi pé ìdánwò yìí kì í gbọ́ ohun tí olùsọ̀rọ̀ ní lọ́kàn, ohun tó ti ẹnu rẹ̀ jáde nìkan ló ń gbọ́. Ó dá mi lóhùn pé: "Ẹ̀gbọ́n, bí adájọ́ ṣe ń ka ìwé àdéhùn náà nìyẹn."

"Nìkan" náà ní ẹ̀tàn tirẹ̀. "Àwọn tó ní ìwé nìkan ló lè wọlé" ní ìtumọ̀ méjì: ó lè jẹ́ pé ẹlòmíràn kò lè wọlé, ó sì lè jẹ́ pé àwọn tí kò ní ju ìwé lọ ló lè wọlé. "Àfi" ló tún yanjú rẹ̀: "Kò sẹ́ni tó lè wọlé àfi ẹni tó ní ìwé."

5. Ibi tí Yorùbá ojoojúmọ́ kò ti tó

Kì í ṣe gbogbo ibi ni Yorùbá ti rọrùn ju Gẹ̀ẹ́sì lọ. Bí mo bá sọ pé "Àwọn kan nínú àwọn ìyálọ́jà náà wá láti Ṣábẹ", ẹni tó gbọ́ á rò pé wọ́n ju ẹyọ kan lọ, á sì rò pé àwọn yòókù kò ti Ṣábẹ wá. "Some" inú LSAT kò sọ èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ohun tó sọ ni pé ó kéré tán, ẹnìkan ti Ṣábẹ wá. Ó sì lè jẹ́ gbogbo wọn. A pinnu láti máa kọ "ó kéré tán, ọ̀kan" dípò "àwọn kan".

"Most" tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. "Ọ̀pọ̀" tiwa lè jẹ́ ogójì nínú ọgọ́rùn-ún. "Most" gbọ́dọ̀ ju ìdajì lọ. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, nítorí pé èrò kan wà tó dúró lé e lórí. Ká ní ìyálọ́jà mẹ́wàá ló wà. Mẹ́fà nínú wọn ń ta gàrí, mẹ́fà nínú wọn ń ta epo. Mẹ́fà àti mẹ́fà jẹ́ méjìlá, èèyàn mẹ́wàá péré ló sì wà. Ó di dandan kí ó kéré tán méjì máa ta méjèèjì. Bí a bá ní "ju ìdajì lọ" lọ́nà méjì, ó di dandan kí ẹnìkan wà níbi tí ọ̀nà méjèèjì ti pàdé. Bí a bá ní "ọ̀pọ̀" lọ́nà méjì, kò di dandan. Ìbéèrè tó dúró lé èyí kì í wọ́n nínú ìdánwò náà.

"Tàbí" náà gba àkíyèsí. Bí òfin kan bá ní kí a mú ìwé ìrìnnà tàbí ìwé ìbí wá, ẹni tó mú méjèèjì wá kò rú òfin. Bẹ́ẹ̀ ni LSAT ṣe máa ń lo "or", àfi bó bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé a kò gbọdọ̀ mú méjèèjì.

6. Àjẹ́ àná àti ọmọ òní

Gbogbo wa la mọ òwe tó ní: "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?" N kò rí ohun tó dára jù ú lọ láti fi kọ́ èèyàn ní ìdajì àwọn ìbéèrè ìrònú LSAT. Ohun méjì tẹ̀lé ara wọn, olùsọ̀rọ̀ sì ní èkíní ló fa èkejì. Bí ìbéèrè bá ní ká wá ohun tó máa dín agbára ọ̀rọ̀ náà kù, a ó wá ohun tó jọ "ọmọ náà ti ń ṣàìsàn látọ̀sẹ̀ tó kọjá". Bí ó bá ní ká wá ohun tó máa fi kún agbára rẹ̀, a ó wá ohun tó jọ "ìgbàkígbà tí igbe bẹ́ẹ̀ kò bá dún, ọmọ kì í kú". Bí ó bá ní ká wá ohun tí olùsọ̀rọ̀ ti gbà láìsọ, òun ni pé kò sí ohun mìíràn tó pa ọmọ náà.

Èyí kò túmọ̀ sí pé àwọn baba wa kò mọ̀ ọ́n rò. Ẹni tó ń pa òwe yìí kì í fi ṣe ẹ̀rí. Àwọn tó ń gbọ́ ọ ti mọ ìtàn tó wà nílẹ̀, òwe kàn ń sọ pé kí a má ṣe díbọ́n bí ẹni tí kò mọ̀ ni. LSAT kò gbà wá láyè láti mú ohun tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ wá sílé. Ohun tó wà lórí ìwé ni gbogbo ayé. Nígbà tí àbúrò mi gba ìyàtọ̀ yìí, kò bá ìdánwò náà jà mọ́ pé kò gbọ́n. Ó gbà pé eré kan ni, tó ní òfin tirẹ̀.

7. Àbájáde àti ìmọ̀ràn

Nínú ìdánwò àwòṣe tó kọ́kọ́ ṣe, àbúrò mi gba 148. Nígbà tó ṣe ojúlówó, ó gba 161. Ilé-ẹ̀kọ́ méjì ti gbà á, ọ̀kan nínú wọn sì ti fún un ní ìdajì owó ilé-ẹ̀kọ́. N kò ní sọ pé Yorùbá ló ṣe é. Ó kàwé fún oṣù mẹ́jọ, ó sì ṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìdánwò àtijọ́. Bí mo bá ní Yorùbá nìkan ló gbé e dé ibẹ̀, èmi náà ti pa òwe àjẹ́ nìyẹn. Ohun tí mo lè sọ ni pé ìbéèrè "only if" àti "unless" kò sí lára àwọn tó ń kùnà lẹ́ẹ̀mejì mọ́.

Fún ẹni tó bá fẹ́ gbìyànjú, ìmọ̀ràn mi nìyí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti LawHub tí í ṣe ti LSAC, níbi tí àwọn ìdánwò díẹ̀ wà lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹ tó sanwó fún ẹ̀kọ́ kankan. Owó ìdánwò náà ju 200 dọ́là lọ. Ẹni tó ní green card tí owó kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ lè béèrè lọ́wọ́ LSAC pé kí wọ́n dá owó náà dúró fún òun. Kó béèrè kó tó forúkọ sílẹ̀. Ẹ má ṣe ìdánwò gidi láti fi dánra wò, nítorí pé iye rẹ̀ ní òǹkà. Kí ẹ sì wá ẹnìkan tí ẹ ó máa fi èdè yín ṣàlàyé ìdáhùn fún lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ìbáà ṣe ẹ̀gbọ́n, àbúrò tàbí ọ̀rẹ́.

Fún àwa tí a ń kọ́ni ní ẹ̀ka yìí, iṣẹ́ kan wà nílẹ̀. A ti kọ púpọ̀ lórí ohùn àti lórí ìró. A kò tíì kọ tó bẹ́ẹ̀ lórí bí "bí", "àfi", "nìkan" àti "tàbí" ṣe ń gbé èrò ró ní ẹnu àwọn ará Kétu, Ṣábẹ àti Àjàṣẹ́. Ẹni tó bá gbé e ṣe yóò ran ju onímọ̀ èdè lọ lọ́wọ́, nítorí pé àwọn ọmọ wa ń lọ jókòó síwájú ìwé àdéhùn, òfin àti ìdánwò tó dúró lórí irú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí.